Olùkọ́ àwọn ọmọ pẹpẹ ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ mi lóru. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àkọ́bí

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mi ò rí oorun sùn mọ́jú, ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ̀wé.

Ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 11. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti ń ṣe ọmọ pẹpẹ ní páríṣì wa. Níbẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ máa ń dùn débi pé láti alẹ́ Sátidé ló ti máa ń lọ aṣọ pẹpẹ rẹ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àfi kí n jí i lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó dìde, á ní inú ń run òun. Mo rò pé ìwà ọmọ tó ń dàgbà ni.

Lánàá, mo mú fóònù rẹ̀ láti wo aago, ni ọ̀rọ̀ bá wọlé. Olùkọ́ wọn ni. Kì í ṣe Fada o, ọmọ ìjọ bíi tèmi ni, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ pẹpẹ. Aago mọ́kànlá òru ti kọjá. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ṣé o ti sùn? Ìwọ nìkan lo mọ iṣẹ́ nínú gbogbo wọn. Èyí tí mo fún ọ yẹn, má jẹ́ kí màmá rí i o." Mo yí i sókè, mo rí i pé wọ́n ti pa àwọn kan rẹ́. Mo tú àpò ilé ìwé rẹ̀, mo bá aago ọwọ́ tuntun nínú ìbọ̀sẹ̀, mo sì mọ̀ pé ṣe ló pa á mọ́.

Mi ò tíì bi ọmọ léèrè. Bàbá rẹ̀ ní òun ń lọ sílé ọkùnrin náà lónìí. Gbogbo ìjọ ló fẹ́ràn ọkùnrin yìí, òun ló máa ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé àwọn ọmọ délé lẹ́yìn ìdánrawò. Mi ò fẹ́ ba ọmọlúàbí lórúkọ jẹ́, mi ò sì fẹ́ fi ọmọ mi wewu. Kí ni kí n ṣe?

Olùgbọ́ Ọmọdé

Ẹ kú ìdààmú, Màmá. Ẹ bá mi dá Bàbá dúró ná, ẹ jọ̀ọ́. Bí wọ́n bá lọ bá ọkùnrin yẹn lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti pa gbogbo ohun tó wà lórí fóònù tirẹ̀ rẹ́, ó sì ti mọ ohun tó máa wí. Ó tún lè pe ọmọ lẹ́yìn yín, kó dẹ́rù bà á. Iṣẹ́ mi ni láti jókòó ti àwọn ọmọdé tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí, mo sì ti rí i tí ìbínú bàbá kan ṣoṣo ba ẹjọ́ jẹ́.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe: ẹ fi fóònù mìíràn ya ojú fóònù ọmọ, kí orúkọ, nọ́ńbà, ọjọ́ àti aago hàn. Ẹ má dá ọkùnrin náà lóhùn bí ẹni pé ọmọ ni, ẹ má sì dí i lórí fóònù síbẹ̀. Ẹ má dá aago ọwọ́ padà. Ẹ̀rí ni.

Mi ò lè sọ fún yín pé ohun búburú ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka ohun tí ẹ kọ: ó yìn ín yọ láàárín ẹgbẹ́, ó fún un ní ẹ̀bùn, ó ń bá a sọ̀rọ̀ lóru, ó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e, ó sì fi àṣírí sáàárín ọmọ àti ìyá. Báyìí gan-an ni ẹni tó ń dẹ ọmọdé ṣe máa ń ṣe é, díẹ̀díẹ̀, kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Nínú gbogbo rẹ̀, àṣírí yẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Tí ẹ bá fẹ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀, ẹ má fi í jókòó síwájú yín bí ẹjọ́. Ẹ wá iṣẹ́ tí ọwọ́ yín méjèèjì á wà lẹ́nu rẹ̀, bí àwo fífọ̀ tàbí aṣọ kíká. Ojú tí kò bá wo ojú máa ń jẹ́ kí ẹnu tú. Ẹ sọ pé: "Mo rí ọ̀rọ̀ kan lórí fóònù rẹ. Mi ò bínú sí ọ rárá. Sọ bó ṣe rí fún mi." Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn le ju ìbéèrè lọ, ẹ gbà mí gbọ́.

Ẹ má bi í pé "Ṣé ó fọwọ́ kàn ọ́ níbí?" Ọmọ á dáhùn ohun tó rò pé ẹ fẹ́ gbọ́, ilé ẹjọ́ á sì ní ẹ̀yin lẹ fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. "Kí ló tún ṣẹlẹ̀?" ti tó. Ẹ má ṣèlérí pé ẹ ò níí sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ má jẹ́ kí bàbá, ẹ̀gbọ́n àti Fada tún máa bi í níkọ̀ọ̀kan.

Bí ó bá lọ jẹ́ pé ọkùnrin náà ti bá a ṣe ohun tó kan ara rẹ̀ láìpẹ́ yìí, ilé ìwòsàn ni ọjọ́ náà gan-an. Kó má wẹ̀. Ẹ kó aṣọ tó wọ̀ sínú àpò bébà, kì í ṣe ọ̀rá, ẹ má fọ̀ ọ́. Oògùn tó ń dènà HIV kò ṣiṣẹ́ mọ́ bí wákàtí 72 bá ti kọjá kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Bí àkókò yẹn bá ti kọjá náà, ẹ lọ.

Ọmọ Ìjọ Gidi

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra o. Ọkùnrin fi ọ̀rọ̀ ìyànjú ránṣẹ́ sí ọmọ, ó fún un ní aago, ẹ ti ń dárúkọ ilé ẹjọ́ àti ilé ìwòsàn. Ṣé ẹ mọ iye ọdún tó ti fi ń sìn? Ẹ lọ bá Fada páríṣì, kí wọ́n pe àwọn méjèèjì jókòó, kí wọ́n parí rẹ̀ ní ìtùbí-ìnùbí. Ọmọkùnrin sì tún ni, kí ló fẹ́ ṣe é?

Ọmọ Pẹpẹ Àná

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n èyí kò ní kọjá lára mi.

Ọmọ ọdún 12 ni mí nígbà tí wọ́n "pe àwọn méjèèjì jókòó". Èmi àti ẹni tó ń ṣe mí léṣe, lórí àga méjì tó kojú síra, ní ọ́fíìsì páríṣì. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ lójú rẹ̀. Mi ò lè gbójú sókè, bàtà rẹ̀ ni mò ń wò. Bàtà dúdú ni, okùn ti ẹsẹ̀ òsì ti tú. Mo ní mi ò rántí nǹkan kan. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí, wọ́n ní kí n tọrọ àforíjì, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún un. Ọdún 26 ló kọjá kí n tó tún ẹnu mi yà sọ ọ́.

Ní ti pé ọmọkùnrin ni: ìwádìí tí John Jay College, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní New York, ṣe fún àwọn bíṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2004, rí àwọn ẹni 10,667 tó fẹ̀sùn kan àlùfáà 4,392 láàárín ọdún 1950 sí 2002. Bí ẹ bá mú mẹ́wàá nínú àwọn ọmọ yẹn, mẹ́jọ jẹ́ ọkùnrin. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì wọn tó wà láàárín ọdún 11 sí 14. Ọjọ́ orí ọmọ pẹpẹ nìyẹn.

Ìyá Àkọ́bí, ẹ jọ̀ọ́, bí ó bá sọ̀rọ̀, ẹ sọ fún un pé ẹ gbà á gbọ́. Kó tó di dókítà, kó tó di ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ọdún 26 retí.

Ọmọ Ìjọ Gidi

Àbúrò, mo ti kà á. Má bínú. Mi ò mọ̀ pé ó rí báyẹn. Síbẹ̀, bó bá wá jẹ́ pé ọkùnrin yìí ò ṣe nǹkan kan ńkọ́?

Olùgbọ́ Ọmọdé

Ìbéèrè tó tọ́ ni, bàbá. Ìdí tí a fi ń gbé e fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìwádìí nìyẹn, dípò kí àwa máa dá a lẹ́jọ́ nínú ìjọ. Kó kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ nígbà tí ìwádìí ń lọ, ìyẹn kì í ṣe ìdálẹ́bi. Ẹ má sì gbé orúkọ rẹ̀ sórí ẹgbẹ́ WhatsApp ìjọ. Bí ó bá jẹ̀bi, ariwo á jẹ́ kó sá. Bí kò bá jẹ̀bi, ẹ ò lè kó o jọ mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin Ìjọ

Mo fẹ́ dá sí ti òfin, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ rò pé Ìjọ ló ní ká máa bo irú èyí mọ́lẹ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kádínà Bernard Law fi ipò sílẹ̀ ní Boston ní oṣù Kejìlá 2002 lẹ́yìn tó hàn sí gbogbo ayé pé wọ́n ń gbé àwọn Fada tí wọ́n fẹ̀sùn kàn láti páríṣì kan sí òmíràn. Ṣùgbọ́n òfin tó wà nílẹ̀ báyìí yàtọ̀.

Èyí tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni Vos estis lux mundi, òfin Póòpù lórí bí a ṣe ń gbé ẹ̀sùn irú èyí nínú Ìjọ. Póòpù Francis fọwọ́ sí i ní oṣù Karùn-ún 2019 fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Ní oṣù Kẹta 2023 ó tún un ṣe, ó sì di òfin títí lọ. Ó pọn dandan fún Fada, Sístà tàbí Brọ́dà tó bá gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn ṣe irú èyí láti fi tó bíṣọ́ọ̀bù létí. Díósíìsì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn agbègbè tí bíṣọ́ọ̀bù kan ń darí, gbọ́dọ̀ ní ibi tí aráàlú lè gbé ẹ̀sùn lọ láìsí wàhálà. Kò sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ẹni tí wọ́n ṣe léṣe dákẹ́ lórí ohun tó fẹ̀sùn rẹ̀ sùn, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹni tó fẹjọ́ sùn. Bákan náà, òfin yìí kò rọ́pò òfin orílẹ̀-èdè. Ibi tí ìjọba bá ti ní kí ẹ sọ fún ọlọ́pàá, ẹ gbọ́dọ̀ sọ.

Àṣírí Póòpù tí wọ́n máa ń fi ti ilẹ̀kùn mọ́ irú ẹjọ́ wọ̀nyí tẹ́lẹ̀ náà ti lọ. Oṣù Kejìlá 2019 ni wọ́n mú un kúrò.

Ẹnì kan lè ní olùkọ́ ọmọ pẹpẹ kì í ṣe Fada, òfin Ìjọ kò kàn án. Ó kàn án o. Òfin 1398 tuntun nínú ìwé òfin Ìjọ, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 2021, dárúkọ ọmọ ìjọ lásán tó bá ní ipò tàbí iṣẹ́ nínú Ìjọ. Ẹ sì wo ibi tí wọ́n gbé e sí: tẹ́lẹ̀, abẹ́ ojúṣe àlùfáà ni irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí wà, bíi pé ẹ̀jẹ́ Fada nìkan ló bàjẹ́. Báyìí, abẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹ̀mí, iyì àti òmìnira ènìyàn ló wà. Lójú mi, ìyípadà yẹn tóbi ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ.

Ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ wá ńkọ́? Èdìdì ìjẹ́wọ́, ìyẹn àṣírí ohun tí wọ́n bá sọ níbi ìjẹ́wọ́, de Fada, kò de ọmọ. Ọmọ lè sọ gbogbo ohun tí Fada bá bá a sọ níbẹ̀ fún ìyá rẹ̀, kò dẹ́ṣẹ̀. Ẹ kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ẹ sì mọ̀ pé bí ọmọ bá sọ ohun tí wọ́n ṣe sí i níbi ìjẹ́wọ́, kò tíì fẹjọ́ sùn rárá, torí Fada kò lè gbé e jáde. Ohun tó lè ṣe ni kó rọ ọmọ pé kó sọ ọ́ fún àgbà kan níta.

Bí ó bá jẹ́ Fada páríṣì fúnra rẹ̀ ni ẹ̀sùn kàn, ẹ fò ó, ẹ lọ sí díósíìsì. Bó bá jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù, ẹ lè kọ̀wé sí Róòmù tààrà tàbí nípasẹ̀ aṣojú Póòpù ní orílẹ̀-èdè yín. Ti èyí tí à ń sọ yìí, ọlọ́pàá lẹ kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn náà díósíìsì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kí èkíní dúró de èkejì.

Ohùn Kejì

Ẹgbẹ́ akọrin ọmọdé ni mò ń darí. Mo máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nípa orin. Ṣé kí n jáwọ́ ni?

Bàbá Kátíkíìsì

Jáwọ́, ọmọ mi. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo tí òbí kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀ ti tó. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ní ọ̀rọ̀ tí òbí ò gbọ́dọ̀ rí láti bá ọmọ sọ, kó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọdún 31 ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Ó tó ogún ọdún nínú rẹ̀ tí mo máa ń ní "ìwọ, lọ gba kọ́kọ́rọ́ wá nílé Fada." Ọmọ kan ṣoṣo, ilé àgbà, ilẹ̀kùn títì. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ tí mo mọ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: tí mo mọ̀. Inú mi ò dùn nígbàkigbà tí mo bá rántí rẹ̀.

Nígbà tí Fada tuntun dé, ó ní kí a jọ rin ṣọ́ọ̀ṣì yípo, kí a máa wo ibi tí àgbà kan àti ọmọ kan ti lè wà tí ojú ẹnikẹ́ni ò tó wọn. A rí mẹ́fà. Yàrá tí wọ́n ti ń wọ aṣọ pẹpẹ, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú. Yàrá ohun èlò orin, kò ní fèrèsé. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ilé ìtọ̀. Ọ́fíìsì òun fúnra rẹ̀. Ìkẹfà jẹ́ ọkọ̀ àwọn tó ń gbé ọmọ délé, èyí tí a kì bá má rò rárá bí ìyá kan ò bá sọ ọ́.

A gé ilẹ̀kùn méjì, a fi gíláàsì sí i. A yọ kọ́kọ́rọ́ inú. Àgbà méjì tí kì í ṣe tọkọtaya ló gbọ́dọ̀ wà níbikíbi tí ọmọ bá wà. Bí ẹnì kejì ò bá wá, kò sí ìdánrawò lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ á jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì títí òbí á fi dé. Wọ́n bínú sí wa lórí ìyẹn ju gbogbo rẹ̀ lọ! Àwọn ọmọ ń wọ aṣọ pẹpẹ lórí aṣọ tí wọ́n wọ̀ wá, kò sí pé à ń bọ́ra. Ìjẹ́wọ́ àwọn ọmọ, inú ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń rí ọmọ àti Fada, tàbí ibi ìjẹ́wọ́ tó ní àwọ̀n láàárín. Òfin 964 fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ àwọ̀n yẹn, a kàn ti gbàgbé ni. Bí a bá rìnrìn àjò, àgbà kì í bá ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ sun yàrá kan.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọmọdé, a máa ń wádìí rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, a sì máa ń kọ̀wé sí páríṣì tó ti wá. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ti mọ Rosary kà dáadáa la máa ń fà lé àwọn ọmọ lọ́wọ́.

Fada yẹn sọ fún mi pé òun gan-an ló ń jàǹfààní jù, torí kò sí ẹni tó lè fẹ̀sùn kan òun nípa yàrá tí òun ò dá wọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ran Mẹ́ta

Fada tiwa kọ̀ jálẹ̀ o. Ó ní a fẹ́ sọ òun di olè nínú ilé Baba òun.

Bàbá Kátíkíìsì

Ẹ kó òbí bíi mẹ́wàá jọ, ẹ kọ ìwé, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí díósíìsì. Kí ọmọ yín sì dúró tì yín títí ìdáhùn á fi dé.

Ìyá Àkọ́bí

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo bá a ká aṣọ lálẹ́ àná. Mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́, mo sì dákẹ́. A ká ìbòrí ibùsùn méjì kó tó sọ̀rọ̀. Mi ò ní kọ ohun tó sọ síbí. Kò tíì dé ibi tí mò ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ó ti ń lọ síbẹ̀. Mo sọ fún un pé mo gbà á gbọ́. Ó bi mí pé: "Ẹ ò ní bínú nítorí aago?"

Aago ló ń dà á láàmú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó rò pé nítorí òun gbà á, òun náà ti jẹ̀bi.

Bàbá rẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí kan kó tó wọlé. A lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀ yìí, obìnrin kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé ló gbà wá lálejò, ó ní kí a má tún bi í léèrè mọ́, òun á ṣètò ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà mo pe ọ́fíìsì díósíìsì. Wọ́n ní kí ọkùnrin náà dúró sílé láti òní lọ. Mo tún rí i pé ọmọ márùn-ún mìíràn ló máa ń wọ ọkọ̀ yẹn. Ṣé kí n pe àwọn ìyá wọn?

Olùgbọ́ Ọmọdé

Ẹ káre, Màmá. Ẹ fún ọlọ́pàá ní orúkọ àwọn ọmọ náà, kí wọ́n fúnra wọn pe àwọn òbí. Bí ẹ bá pè wọ́n, àwọn ọmọ á gbọ́ ìtàn tiyín kí wọ́n tó sọ tiwọn. Ṣé ẹ gba ìwé lórí aago tí ẹ fi sílẹ̀?

Ìyá Àkọ́bí

Mo gbà á. Nọ́ńbà ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. Mo fi han ọmọ mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí òun fi sínú dúrọ́à tòun.

Ọmọ Pẹpẹ Àná

Ẹ jẹ́ kó fi síbẹ̀. Kí ẹ̀yin ya àwòrán rẹ̀ kẹ́ ẹ fi sí tiyín.